Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án Nídìí Ọṣẹ Màmá Tísà

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ọ̀nà, kí ni mo rí jẹ, ṣé lóòótọ́ ni àwọn ará yunifásítì bá àwa tí eérú kún èékánná wa jókòó. Mo ti dá yín lóhùn ní kúkúrú lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ohun tí mo fò nínú ìdáhùn wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí kò ṣeé sọ lórí ìdúró.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní Ṣakí mọ bí nǹkan ṣe rí kí n tó lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, àwa obìnrin tí à ń se ọṣẹ dúdú ládùúgbò wa lé ní ogún. Nígbà tí àdín wọ́n gógó, tí owó ọkọ̀ tó ń gbé e wá tún ga sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dojú ìkòkò wọn dé, títí ó fi ku àwa márùn-ún. Àwọn oníbàárà wa láti Ìbàdàn wá ní àwọn kò lè ra ọṣẹ tí kò ní nọ́ńbà ìjọba lára mọ́, pé àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ àwọn sì ń ráhùn pé ó ń ta àwọn lára.

Inú ìnira yẹn la wà tí ìwé kan fi dé ọwọ́ ẹgbẹ́ wa. Yunifásítì kan lápá Àkúrẹ́ ń kó àwọn oníṣòwò kékeré jọ pẹ̀lú àwọn olùkọ́, àwọn ará báńkì, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n jọ wá ọ̀nà tí òwò wa kò fi ní parun. Èmi ni wọ́n yàn, torí mo ka ìwé mẹ́fà, ọkọ mi sì ti kú, kò sí ẹni tí yóò ní kí n má lọ. Ìyá Rískà, tó dàgbà jù nínú wa, di ọwọ́ mi mú ní gáréèjì. Ó ní tí n kò bá mú nǹkan kan bọ̀, àwọn á jáwọ́.

Àkúrẹ́

Nínú ọkọ̀, láti Iléṣà síwájú, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà yẹn, oníkálukú sì tẹjú mọ́ igbó. Ìgbà tí a rí àwọn òkè àpáta Àkúrẹ́ ni ọkùnrin tó jókòó tì mí tó mí kanlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ilé rẹ̀ fún mi bí ẹni tí a jọ dàgbà.

Arakale ni mo dé sí, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣòro fún mi. Ilé wa ni tiwọn ń pè ní ulé, iṣu wa sì ni uṣu. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un sọ, á fi Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Iyán ló gún fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tún gún un lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, inú mi ti ń wá ọkà èlùbọ́ wa, ṣùgbọ́n n kò lè sọ, torí mo rí i pé òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ tó ohun tó ń bù fún mi.

Ó mú mi rìn já Arakale kí n lè mọ̀nà. Ọ̀sán gangan ni, ágádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibí ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. Ibí ni obìnrin kan ti ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ọkùnrin tó wà níbí máa ń tún rédíò ṣe, ó ti ń gun ọ̀kadà báyìí. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ka orúkọ ní wọ́ọ̀dù ló ṣe ń kà á.

Nínú gbọ̀ngàn

Àwọn tọ́rọ̀ kàn ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Iwájú ni àwọn tọ́rọ̀ kàn tó wọ kóòtù jókòó sí, ẹ̀yìn ni àwa tọ́rọ̀ kàn yòókù wà: aránṣọ, onígààrì, oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń hun apẹ̀rẹ̀, àti àwa tí à ń se ọṣẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀. Ọkùnrin kan láti báńkì ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri, àwọn ìlà tó ń gòkè lọ, nígbà tí iná lọ. Ó dúró níwájú ògiri funfun náà, kò mọ ohun tí yóò sọ mọ́.

Nígbà náà ni bàbá kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Olúwọlé lorúkọ rẹ̀, onígààrì láti Ìjàrè. Ó ṣí fìlà, ó kí wọn dáadáa.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, láti àárọ̀ lẹ ti ń sọ bí a ó ṣe dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wá bí a ṣe ń kú."

Mo rò pé wọ́n á lé e jáde. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí kò tíì tó ẹni ogójì ọdún dìde níwájú, ó gbé àga rẹ̀ lọ́wọ́, ó rìn wá sẹ́yìn, ó jókòó sáàárín wa. Dókítà Bùsáyọ̀ nìyẹn, olùkọ́ tó mọ̀ nípa kẹ́míkà. Ó ṣí ìwé kékeré kan, ó ní kí Bàbá Olúwọlé máa sọ ọ́, òun ń kọ ọ́. Bàbá náà sọ ti epo ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, ó sọ ti ojú ọ̀nà. Àwa yòókù náà sọ tiwa. Ọwọ́ obìnrin náà kò kúrò lórí ìwé títí wọ́n fi tú wa ká.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwa tí à ń se ọṣẹ lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò. Ó yọ́ ọṣẹ wa sínú omi, ó ń ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, bébà náà sì ń yí àwọ̀ padà bí ó bá ṣe le sí. Nígbà tó kan tèmi, ó tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn yòókù má bàa gbọ́. Ó ní omi eérú inú ọṣẹ mi ti pọ̀ jù, ó lè bó ọmọ ọwọ́ lára.

Mo rántí Ráfíà, àkọ́bí mi, nígbà tó wà lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ máa ń pọ́n lẹ́yìn ìwẹ̀, tí mo máa ń sọ pé ooru ni. Ọṣẹ tí mo fi ọwọ́ mi sè ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́.

Dókítà Bùsáyọ̀ ní kí n má sunkún. Ó ní obìnrin àgbàlagbà kan wà ní ìlú Oǹdó tí òun ti yẹ ọṣẹ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta tí òun kò rí àbùkù kankan, òun kò sì mọ ohun tó ń ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀. Màmá náà kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀yin mọ iṣẹ́ náà, èmi mọ ìwọ̀n. Ẹ lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Bóyá àwa mẹ́ta á lè wá ìdí rẹ̀."

Oǹdó

Ilẹ̀ pupa, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó ní òpó ńláńlá, ṣọ́ọ̀ṣì tí agogo rẹ̀ ń dún dé gbogbo àdúgbò: ohun tí mo kọ́kọ́ rí ní Oǹdó nìyẹn. Kòkó ló kọ́ àwọn ilé náà. Fèrèsé òkè ọ̀pọ̀ wọn wà ní títì, torí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ọ fún ti lọ sí ìlú òyìnbó, àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń gbé ìsàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé Màmá Tísà rí. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kó tó kú, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Mo kúnlẹ̀ kí i níwájú ilé. Àpò mi ló ń wò, kì í ṣe ojú mi. Ó bi mí níbi tí mo ti wá, ó bi mí ẹni tó rán mi, ó bi mí ọjọ́ tí n ó lọ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí aládùúgbò rẹ̀ tó ń wò wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Oǹdó. Èdè náà jọ tiwa, kò jọ ọ́. Níbi tí tiwa ti ń fi ètè sọ̀rọ̀, ọ̀fun ni tiwọn ti ń jáde. "Ṣakí" nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ sọ́jà, obìnrin tí mo ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ bi mí bóyá inú Nàìjíríà ni Ṣakí wà àbí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bí mo bá ti ń bọ̀ lọ́nà, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́ títí n ó fi kọjá.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, Màmá Tísà gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ síwájú mi. Bí ó ṣe rí i tí mo ń wò ó, ó bi mí bóyá Mùsùlùmí ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé àwo ọbẹ̀ náà kúrò, ó lọ se ẹ̀gúsí mìíràn pẹ̀lú ẹja. Ní òwúrọ̀, ó mú mi lọ sí yàrá ọkọ rẹ̀ tó wà ní títì láti ìgbà tó ti kú. Ó ti gbá a, ó ti sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀.

Ó ní, "Ibí ni Tísà ti ń máàkì ìwé. Ariwo kì í dé bẹ̀. O lè máa kírun níbẹ̀."

Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gbálẹ̀ tí mo sì ń fọ́ èèpo kòkó tó fi ń ṣe eérú. Ọjọ́ tó bá fẹ́ pọn omi eérú, á wá iṣẹ́ kan rán mi lọ sọ́jà. Aládùúgbò rẹ̀ ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Oníṣòwò kan ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, ó kọ́ ìlàjì iṣẹ́ náà, ó lọ ń ta ọṣẹ burúkú káàkiri ní orúkọ Màmá Tísà. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí ara wọn ti bó. Láti ìgbà náà ni ọjà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí kò sì fọkàn tán àlejò mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò ṣú lójijì. Gbogbo èèpo kòkó tó ti sá fún ọjọ́ mẹ́wàá wà níta, èmi nìkan ni mo sì wà nílé. Mo fi apẹ̀rẹ̀ kó o sábẹ́ òrùlé, mo ń lọ mo ń bọ̀, títí tó fi tán. Nígbà tó dé, èèpo gbẹ, èmi ni omi ń ro lára mi. Ibà mú mi dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Òun ló ń fi omi gbígbóná nu ara mi. Ọjọ́ tí mo dìde, ó ti wà nídìí ìkòkò eérú rẹ̀, ó sì pè mí.

"Wá wò ó," ló wí.

Omi eérú

N kò ní fi gbogbo rẹ̀ síbí, torí Màmá ti sọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ìwọ̀nba tí mo lè sọ ni pé kì í lo omi àkọ́kọ́ tó bá ro jáde láti inú eérú bó ṣe wà, èyí tí àwa fi ń sè torí ó máa ń tètè mú ọṣẹ dì. Á fi èyí tó ro jáde lẹ́ẹ̀kẹta, tí kò le mọ́, là á, á sọ ẹyin sínú rẹ̀, á máa là á títí orí ẹyin náà á fi yọ bí èékánná àtàǹpàkò, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọṣẹ bá sì jinná, á fi ewé bò ó, á gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó tà á.

Mo bi í bí ó ṣe ń jẹun ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ó ní, nígbà tí nǹkan dára, èyí tí òun sè ṣáájú ni òun ń tà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Àwa ní Ṣakí kì í fi ọṣẹ pamọ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ mọ́. Láyé ìyá ọkọ mi, wọ́n máa ń fi í pamọ́. Ebi ló ń kánjú wa, òun ló sì ń ba ọṣẹ wa jẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni Dókítà Bùsáyọ̀ máa ń wá láti Àkúrẹ́. Ó ti bébà rẹ̀ bọ omi tí Màmá fi ẹyin wọ̀n, ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì rẹ́rìn-ín. Bébà àti ẹyin kò fi ibì kan yàtọ̀ síra. Ó sọ fún Màmá pé ohun tí òun fi ọdún mẹ́wàá kọ́ wà nínú ẹyin yẹn. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Màmá ti ń gún iyán sílẹ̀ dè é.

Dókítà Bùsáyọ̀ ṣiṣẹ́. Ó bá àwọn àgbẹ̀ kòkó sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fi èèpo sílẹ̀ jẹrà lóko mọ́, wọ́n sì ń gbé e wá. Ó mú káfíńtà kan wá tó ṣe àpótí tí a ó máa gé ọṣẹ sí. Ó fi ọṣẹ Màmá ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní nọ́ńbà. Fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó dà bí ẹni pé ohun tí wọ́n sọ ní gbọ̀ngàn yóò ṣẹ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì. Wọ́n ti géètì pa, owó oṣù kò wọlé. Dókítà Bùsáyọ̀ ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ wá. Ó ń rù. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo rí i tó bu ìdajì oúnjẹ rẹ̀ sínú ike, tó fi sínú báàgì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo yí ojú kúrò. Màmá náà rí i. Láti ìgbà náà ló ti ń gún iṣu tó pọ̀ sí i, á sì máa sọ pé òun ṣì í wọ̀n.

Ọjọ́ Ajé kan

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọjọ́ Ajé ló wá dípò Ọjọ́bọ̀. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó ní òun àti ọkọ òun ti rí iṣẹ́ sí Kánádà, wọ́n ti fún wọn ní físà, ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ń lọ.

Màmá Tísà ń fọ́ èèpo kòkó lọ́wọ́. Ó fi òkúta sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló bí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti lọ sí ìlú òyìnbó.

Ó bi í pé, "Ta ni yóò máa wá ní Ọjọ́bọ̀?"

Dókítà ní òun ti kó gbogbo ìwé náà fún ẹlòmíràn, ẹni náà á máa wá. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Màmá kò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó kó ọṣẹ tó ti gbó jù nínú ilé lọ́wọ́, ó ti dì í lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Gbà. Òtútù ibẹ̀ máa ń gbẹ ara. Àwọn ọmọ mi sọ fún mi."

Ibẹ̀ ni Dókítà Bùsáyọ̀ ti sunkún. Màmá gbé e dìde, ó gbàdúrà fún un, ó sìn ín dé títì. Ó dúró síbẹ̀ títí mọ́tò fi kọjá kọ́nà.

Ní Ọjọ́bọ̀, a gbálẹ̀, a to àga mẹ́ta síta, Màmá sì gún iyán. Kò sẹ́ni tó wá. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa ní gbọ̀ngàn, ọkùnrin tó gbé e ní kí a ní sùúrù, kò sẹ́ni lọ́fíìsì.

Bàbá Olúwọlé ara Ìjàrè ló mú èsì àyẹ̀wò wá fún wa ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ó ti lọ sí Àkúrẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀, ó rí ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ géètì yunifásítì. Ọṣẹ Màmá yege. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà, wọ́n ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní omi ẹ̀rọ, kí wọ́n fi táìlì sí ara ògiri, kí yàrá ìkó-ọjà dá dúró. Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á dé sínú Bíbélì.

Ó ní, "Ó dára kí èèyàn mọ̀ pé ohun tí òun ṣe dára."

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun kò ní dáná ọṣẹ mọ́. Ó ní kí n mú ìwé àti bírò wá. Ọjọ́ méjì ló fi ń pe gbogbo rẹ̀ sí mi létí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó fi ogójì ọdún gbé pẹ̀lú tísà, tí n bá sì gbàgbé àmì lórí ọ̀rọ̀, á ní kí n padà lọ fi í sí i. Nígbà tí mo ń lọ, kò sìn mí dé títì. Ó ní òun ti sin èèyàn tó.

Ilé

Bí mo ṣe dé Ṣakí ni wọ́n sọ fún mi pé àwa mẹ́ta ló kù. Ọ̀kan ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu, èkejì ń kiri búrẹ́dì. Ìyá Rískà ní kí n ka ìwé náà sí òun létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A sè é bí Màmá ṣe sọ, a fi ewé bò ó, a sì dúró. Ẹ̀yin náà mọ bí ìdúró yẹn ṣe rí, torí ọ̀dọ̀ yín la ti ń tọrọ èlùbọ́. Ọṣẹ náà dára. Ẹ ti fi wẹ̀, ẹ mọ̀. Àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń béèrè nọ́ńbà, a kò sì ní in.

Mo pe Màmá kí n lè sọ fún un. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, aládùúgbò rẹ̀ ló gbé tirẹ̀. Ó ní ọmọ Màmá tó jẹ́ obìnrin ti wá mú un lọ, wọ́n ti ti ilé.

Ìdí ìkòkò ni mo ti sọ ọ́ fún Ìyá Rískà. Ó ń ro ọṣẹ, kò dúró. Ó bi mí pé bí ọṣẹ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, tí ìwé kò sì sọ ohun tí a ó ṣe, ta ni a ó bi léèrè?

Mo ronú kan Dókítà, mo ronú kan Màmá, mo ronú kan ọkùnrin tó ní kí a ní sùúrù lórí fóònù.

Mo ní, "Èmi ni kí ẹ máa bi."

Ó mi orí, ó gbé igi tó fi ń ro ọṣẹ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí.